Bí ẹ ṣe lè rí ìdààmú tí hedge fund ń kó bá ọjà kó tó kàn yín l'Óṣogbo

Ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ẹni tó fi ṣíà báńkì pamọ́ de ọjọ́ ogbó, àti ẹni tó ń wá dọ́là tó máa fi kó ọjà wá sí Ìgbọ̀nà: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ìpinnu àwọn ọ̀gá hedge fund ní New York tàbí London lè ká mọ́lé. Wọn kì í rí i bó ṣe ń bọ̀. Wọ́n á kàn jí lọ́jọ́ kan, wọ́n á bá iye ọjà níbi tí wọn ò fi í sí lálẹ́ àná. Bẹ́ẹ̀ àmì rẹ̀ máa ń wà nílẹ̀, nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tí àmì náà wà, bí ẹ ṣe máa ṣírò rẹ̀, àti ohun tí ẹ máa ṣe sí owó tiyín la fẹ́ sọ níbí. Fóònù tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé àti bírò ti tó. Kò gba wákàtí kan lọ́sẹ̀.

Ohun kan wà tó gbọ́dọ̀ yé wa kí a tó tẹ̀ síwájú. Kì í ṣe títóbi hedge fund ló ń wó ọjà, kì í sì í ṣe ìwà ìkà. Gbèsè ni. Owó tí wọ́n yá lé orí owó tiwọn, tí ẹni tó yá wọn sì lè béèrè lójijì, òun gan-an ni kí ẹ máa wá kiri nínú gbogbo ohun tí ẹ bá kà.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an?

Hedge fund jẹ́ àpò owó tí àwọn olówó àti ilé iṣẹ́ ńlá kó sọ́wọ́ ọ̀gá kan pé kó máa bá àwọn fi ná ọjà. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún mẹ̀kúnnù: ẹni tó fẹ́ wọlé ní láti ní ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ láìka ilé tó ń gbé mọ́ ọn, tàbí kó máa gba ju $200,000 lọ lọ́dún. Bó ṣe wà tipẹ́, ọ̀gá náà ń gba nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 owó náà lọ́dọọdún, á tún mú ìdá 20 nínú 100 èrè. Ẹ fi ìdá 20 yẹn sọ́kàn. Bí èrè bá pọ̀, ìpín rẹ̀ pọ̀. Bí àdánù bá dé, owó olówó ló ń lọ jù. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi máa ń yá wọn láti yáwó kún un.

Alfred Winslow Jones ló dá irú rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1949 pẹ̀lú $100,000. Ó ń ra ṣíà tó gbà pé ó máa gòkè, ó sì ń yá ṣíà tó gbà pé ó máa já, á tà á. Bí gbogbo ọjà bá wálẹ̀ pa pọ̀, èrè apá kejì á dí ihò tí apá kìíní gbẹ́. "Hedge" ni ọgbà igi tí àwọn òyìnbó fi ń yí oko ká. Ààbò ló wà nínú orúkọ náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jẹ́ orúkọ yẹn lónìí ti fa ọgbà náà tu tipẹ́.

Yíyá ohun tí kì í ṣe tẹni tà máa ń ṣòro láti yé èèyàn, bẹ́ẹ̀ kò le. Ká ní ẹ yá kẹ́ẹ̀gì epo pupa mẹ́wàá lọ́wọ́ aládùúgbò lóṣù Kejìlá tí epo wọ́n, ẹ tà á ní ₦40,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lóṣù Kẹrin tí epo rọ̀ dé ₦30,000, ẹ ra mẹ́wàá mìíràn, ẹ dá a padà fún un. ₦100,000 ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́. Bí epo bá wá gun orí dé ₦60,000 ńkọ́? Kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá náà ni aládùúgbò yín máa gbà, kò sí àbùjá. Àdánù ẹni tó fowó ara rẹ̀ ra ọjà kò lè ju iye tó san lọ. Àdánù ẹni tó yá ọjà tà kò ní òpin, nítorí kò sí ibi tí iye ọjà ò lè gùn dé. Ohun tó mú hedge fund Melvin Capital nìyẹn lóṣù Kìíní 2021: ó ti yá ṣíà GameStop tà, àwọn èèyàn kéékèèké dáwọ́ jọ, wọ́n ń rà á, iye ṣíà náà fò sókè, àwọn tó yá a tà sì ń sáré rà á padà ní iyekíye. Ju ìdajì owó Melvin ló lọ láàárín oṣù kan ṣoṣo.

Ìṣirò tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe

Ẹ mú owó tó jẹ́ tẹni náà gan-an, ẹ fi gbogbo owó tó kó sínú ọjà pín in. Ohun tó bá jáde ni ìdá tí iye ọjà máa fi já kí owó rẹ̀ tó tán pátá.

Ẹ jẹ́ ká fi kòkó ṣe é. Ká ní tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn àpò 16 tó wọn kílò 62.5, jẹ́ mílíọ̀nù ₦10 (fún ìṣirò nìkan ni o, ẹ má fi ná ọjà). Ẹnì kan ní mílíọ̀nù ₦5. Ó yá mílíọ̀nù ₦15 fún oṣù kan pẹ̀lú èlé ìdá 5 nínú 100, ó ra tọ́ọ̀nù méjì. Bí kòkó bá fi ìdá 10 nínú 100 gòkè, ọjà rẹ̀ di mílíọ̀nù ₦22. Á san ₦15,750,000 padà, ₦6,250,000 á kù. Ó jèrè ìdá 25 nínú 100 lórí owó ara rẹ̀, á sì máa pe ara rẹ̀ ní ọlọ́gbọ́n. Bí kòkó bá fi ìdá 10 yẹn kan náà já, ọjà di mílíọ̀nù ₦18. Yóò san ₦15,750,000 náà. ₦2,250,000 ló kù nínú mílíọ̀nù ₦5. Ó ju ìdajì lọ tó ti wọlẹ̀. Bó bá já dé ìdá 21 nínú 100 ó lé díẹ̀, kò ní kọ́bọ̀ mọ́: ìdá 25 ni ìṣirò wa ìbá fi sí, èlé ló jẹ ìyókù.

Ẹ wá gbé ìṣirò yìí dé ọ̀dọ̀ Long-Term Capital Management (LTCM), hedge fund tí John Meriwether dá sílẹ̀ ní 1994. Myron Scholes àti Robert Merton, àwọn méjì tó pín ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 1997, wà lára àwọn alájọṣe rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1998, owó tó jẹ́ tirẹ̀ tó nǹkan bí bílíọ̀nù $4.7, owó tó yá lé e ju bílíọ̀nù $120 lọ. Ẹ pín in. Kò pé ìdá 4 nínú 100. Bí ọjà tó kó sílẹ̀ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fi náírà mẹ́rin já nínú ọgọ́rùn-ún, ó parí, àní bí gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n ayé bá jókòó sínú ọ́fíìsì náà.

Bí ọjà ṣe ń wó lórí ara wọn

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ 1998, Rọ́ṣíà rẹ owó rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dá sísan gbèsè rẹ̀ dúró. LTCM kò kó gbogbo ẹyin rẹ̀ lé Rọ́ṣíà lórí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù mú gbogbo ẹni tó ń yáni lówó lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdá 44 nínú 100 owó rẹ̀ lọ láàárín oṣù Kẹjọ yẹn nìkan. Nígbà tó fi di ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, ẹ̀ka Báńkì Àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní New York ti pe àwọn báńkì ńlá jọ, ilé iṣẹ́ 14 sì dáwó bílíọ̀nù $3.6 láti gbà á sílẹ̀. Kì í ṣe àánú ló sún wọn ṣe é. Bí LTCM bá tú gbogbo ọjà rẹ̀ dà sígboro lọ́jọ́ kan, ọjà irú kan náà tó wà nínú ilé tiwọn á di ọ̀pọ̀.

Ẹ wo bí ó ṣe ń lọ, nítorí ọ̀nà kan náà ló ń gbà lọ ní gbogbo ìgbà. Ọjà já díẹ̀. Ẹni tó yáni lówó ní kí hedge fund fi owó ìdúró kún un, èyí tí wọ́n ń pè ní margin. Owó kò sí nílẹ̀, ó di dandan kó tà. Ibi tó ti ń dun ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn nìyí: kì í ta èyí tó bàjẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó máa rà á, èyí tó dára ló ń tà, torí òun ló ní olùrà. Ìdí nìyẹn tí ṣíà tó dáa ní orílẹ̀-èdè mìíràn fi ń já nítorí gbèsè Rọ́ṣíà. Títà yẹn tún rẹ iye ọjà sílẹ̀ sí i, wọ́n tún pe hedge fund kejì pé kó wá fowó ìdúró kún tirẹ̀. Àwọn tó lówó láti rà wá káwọ́ sẹ́yìn pé ó ṣì máa rọ̀ sí i. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, gbogbo ọjà fẹ́ gbabẹ̀ jáde.

Ní oṣù Kẹta 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, ó ṣẹlẹ̀ sí ìwé gbèsè ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, ohun tí gbogbo ayé kà sí ibi ìsádi. Àwọn hedge fund ti ń fi owó yíyá ra ìwé gbèsè náà, wọ́n sì ń ta àdéhùn ọjọ́ iwájú rẹ̀ (ìlérí láti kó o wá lọ́jọ́ mìíràn ní iye tí wọ́n fẹnu kò sí lónìí), kí wọ́n lè jẹ ìyàtọ̀ tín-ín-rín tó wà láàárín méjèèjì. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé àyàfi kí wọ́n yáwó ńlá kó tó lè di èrè gidi. Nígbà tí ìyàtọ̀ yẹn fẹ̀ lójijì, wọ́n ń dà á sílẹ̀ nígbà tí àwọn mìíràn náà ń tà torí àtirí owó lọ́wọ́, Báńkì Àpapọ̀ Amẹ́ríkà sì ní láti wọlé ra ìwé náà lọ́pọ̀ yanturu kí ọjà tó rọlẹ̀. Ti ọdún 2024 náà ò jìnnà síyẹn. Àwọn èèyàn ti ń yá yẹ́ẹ̀nì ilẹ̀ Japan tí èlé rẹ̀ kò tó nǹkan, wọ́n ń fi ra ṣíà àti owó ilẹ̀ mìíràn. Ọjọ́ 31 oṣù Keje, báńkì àpapọ̀ Japan gbé èlé lọ sí ìdá 0.25 nínú 100. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, ọjà ṣíà Tokyo já ìdá 12.4 nínú 100 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kejì ó gbéra padà pẹ̀lú ohun tó lé ní ìdá 10. Ẹni tó tà lọ́jọ́ Ajé yẹn nítorí ẹ̀rù ti ta ọjà rẹ̀ fún ẹni tó ní sùúrù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kòkó

Fún ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ibí ló ti kàn wá jù, ibí náà ni ìwé rẹ̀ sì ti rọrùn jù láti kà. Iye kòkó ayé ń jáde láti ọjà méjì tó jẹ́ ti ICE, ilé iṣẹ́ tó ni ọjà àdéhùn: ti London ní pọ́n-ùn, ti New York ní dọ́là. Ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni àdéhùn ọjọ́ iwájú, ìyẹn ìlérí pé a ó gba kòkó tàbí a ó kó o wá ní oṣù kan tó ń bọ̀, ní iye tí a fẹnu kò sí lónìí. Àdéhùn kan jẹ́ tọ́ọ̀nù 10. Àwọn oṣù tí wọ́n ń lò ni oṣù Kẹta, Karùn-ún, Keje, Kẹsàn-án àti Kejìlá.

Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ ọjà yìí, CFTC, máa ń gbé ìwé kan jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó ń jẹ́ Commitments of Traders. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló ń jáde, aago 8:30 tàbí 9:30 lálẹ́ tiwa, bí wọ́n bá ṣe yí aago wọn. Ẹ wọ ojú ewé CFTC, ẹ yan ìwé tí wọ́n pè ní "Disaggregated", ẹ wá ibi tí wọ́n kọ COCOA – ICE FUTURES U.S. sí. Iye mẹ́ta péré ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni "Open Interest", iye gbogbo àdéhùn tó ṣì wà nílẹ̀. Èkejì àti ìkẹta wà lábẹ́ "Managed Money": "Long" ni iye àdéhùn tí wọ́n rà, "Short" ni iye èyí tí wọ́n tà. Abẹ́ Managed Money yìí ni hedge fund wà. Ẹ fi Short yọ kúrò nínú Long, ẹ fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀, tọ́ọ̀nù ló máa jáde. Ká ní Long jẹ́ 40,000, Short jẹ́ 25,000. Ìyàtọ̀ rẹ̀ 15,000, ìyẹn tọ́ọ̀nù 150,000. Ẹ rò ó wò: ó sún mọ́ ìdajì kòkó tí gbogbo Nàìjíríà ń kó lọ́dún, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn tí kò ní ibi tí wọ́n máa sá àpò kan sí.

Ẹ máa kọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sínú ìwé kan náà, kí ẹ sì fi ti òní wé ọdún kan sẹ́yìn. Iye kan ṣoṣo kò lè sọ nǹkan kan fún yín. Bí ohun tí hedge fund rà bá ti pọ̀ ju bó ṣe wà lọ́dún tó kọjá, ewu ni pé ìròyìn òjò rere kan láti Côte d'Ivoire lè mú kí gbogbo wọn tà lọ́jọ́ kan náà. Bó bá jẹ́ ohun tí wọ́n tà ló pọ̀, ìròyìn àrùn tàbí ọ̀gbẹlẹ̀ lè mú kí wọ́n sáré rà á padà, kí kòkó fò. Èyí tó burú jù ni kí "Open Interest" máa kéré sí i nígbà tí iye kòkó ń fò sókè sódò. Ó túmọ̀ sí pé èèyàn ti tán lọ́jà, ìwọ̀nba àdéhùn díẹ̀ sì lè ti iye kòkó jìnnà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2024 nìyẹn. Kì í ṣe hedge fund ló dá ọ̀wọ́n sílẹ̀. Òjò tí kò bá ìgbà mu, àrùn tó ń mú igi kòkó wú àti èyí tó ń sọ èso rẹ̀ di dúdú ló din ìkórè Côte d'Ivoire àti Ghana kù. Ní New York, tọ́ọ̀nù kan tó wà ní nǹkan bí $4,200 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ju $11,000 lọ lóṣù Kẹrin. Bí iye ti ń gùn, ọjà ń béèrè owó ìdúró púpọ̀ sí i. Àwọn oníṣòwò tó ti ta àdéhùn láti dáàbò bo kòkó tó wà nínú ilé ìkẹ́rù wọn kò rí owó ìdúró náà san, wọ́n jáde. Hedge fund náà din tiwọn kù. Ọjà ṣófo, ó wá ń fò bí ẹni tí iná jó: ó já kíákíá ní ìparí oṣù Kẹrin, ó tún gòkè kọjá $12,000 lóṣù Kejìlá, nígbà tí 2025 fi máa parí ó ti já dé nǹkan bí ìdajì iye yẹn. Ẹni tó bá ń sọ pé hedge fund ló fa gbogbo rẹ̀ kò tíì wo ìwé. Jíjáde wọn ló dá kún ìfò náà ju wíwọlé wọn lọ.

Wọ́n máa ń wọlé náà o. Lóṣù Keje 2010, ilé iṣẹ́ Armajaro tí Anthony Ward ń darí ní London gba nǹkan bí tọ́ọ̀nù 240,000 kòkó gidi, tó sún mọ́ ìdá 7 nínú 100 èyí tí gbogbo ayé ń kó lọ́dún. Irú èyí kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bí oṣù tí àdéhùn kan máa parí bá kù sí dẹ̀dẹ̀ tí iye ti oṣù yẹn sì ga púpọ̀ ju ti oṣù tó tẹ̀ lé e lọ, ẹ fura pé ẹnì kan ń kó kòkó jọ.

Àṣìṣe mẹ́rin ló ń ba ìwé yìí jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kà á. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ka iye inú rẹ̀, nígbà tí ẹ fi máa rí i lọ́jọ́ Ẹtì ó ti di ọjọ́ mẹ́ta. Kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ rà láàárọ̀ tà lálẹ́. Ìwé àtijọ́ tó ní "Non-Commercial" kò dọ́gba pẹ̀lú Managed Money, nítorí ó da àwọn mìíràn pọ̀ mọ́ ọn. Lórí ojú ewé tí ẹ ti ń wo iye kòkó, iye tó wà lókè lè jẹ́ ti oṣù tó fẹ́ parí, kí ẹ wo oṣù tí àwọn èèyàn ń ná jù. Bí ìjọba Amẹ́ríkà bá sì ti ọ́fíìsì pa nítorí àìgbà lórí ìṣúná, bíi ti ìparí 2018, ìwé náà kì í jáde rárá. Ẹ má fi ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn ṣe ìpinnu.

Náírà àti ọjà ṣíà

Owó àjèjì tó ń wọ Nàìjíríà kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó wá kọ́ ilé iṣẹ́ kò lè gbéra lóru ọjọ́ kan. Èyí tó wá ra ìwé gbèsè olóṣù mẹ́ta nítorí èlé lè lọ lọ́la, owó irú hedge fund sì wà nínú ìkejì yìí. Ilé iṣẹ́ ìṣirò orílẹ̀-èdè, NBS, ń tẹ ìwé "Capital Importation" jáde ní ìdámẹ́rin ọdún. Ẹ wo ìlà "Portfolio Investment", kí ẹ wo inú rẹ̀ èló ló jẹ́ "Money Market Instruments". Bí ìlà yẹn bá gba ibi tó pọ̀ jù, dọ́là tó ń mú náírà dúró jẹ́ àlejò tí kò tú ẹrù. Ẹ wá wọ ojú ewé Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, ẹ wo iye dọ́là tó wà ní ìpamọ́. Bí dọ́là ìpamọ́ bá ń dínkù ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ nígbà tí owó àlejò pọ̀ báyẹn, ẹni tó ní ọjà láti kó wọlé kò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ tó máa sanwó kó tó wá dọ́là.

Ti ṣíà, NGX, ọjà ṣíà Nàìjíríà tó wà ní Èkó, ń gbé ìwé jáde lóṣooṣù tó ń sọ iye tí ará ilé àti àjèjì rà àti iye tí wọ́n tà. Bí títà àjèjì bá ju rírà wọn lọ fún oṣù mẹ́ta léra, ṣíà àwọn báńkì àti ilé iṣẹ́ ńlá ni ìyẹn máa ń kọ́kọ́ kàn, torí àwọn ni àjèjì ń rà.

Ṣùgbọ́n kí a sọ òótọ́ ara wa. Ní oṣù Kẹta 2008, òṣùwọ̀n ọjà ṣíà wa ju 66,000 lọ. Lọ́dún kan lẹ́yìn náà kò tó 20,000. Àjèjì kó owó lọ lóòótọ́, epo rọ̀bì sì já. Èyí tó pa àwọn èèyàn wa gan-an ni ẹ̀yáwó tí àwọn báńkì tiwa fún alágbàtà àti oníbàárà láti fi ra ṣíà, tí ṣíà náà sì jẹ́ ìdúró. Bí iye ṣe ń já, báńkì ń tà, bí báńkì ṣe ń tà, iye ń já. Lóṣù Kẹjọ 2009, Báńkì Àpapọ̀ yọ àwọn ọ̀gá báńkì márùn-ún nípò, ìjọba sì dá AMCON sílẹ̀ ní 2010 láti kó gbèsè tó bàjẹ́. Kò sí hedge fund kankan nínú ìyẹn tó tó ka orúkọ rẹ̀. Àìsàn LTCM ló mú wa láìjẹ́ LTCM.

Ohun tí ẹ máa ṣe sí owó tiyín

Ẹ ṣe ìṣirò pípín yẹn fún ara yín kí ẹ tó wo ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ra kòkó, bí èsì rẹ̀ bá kéré sí ìdá 40 nínú 100, ẹ din gbèsè kù, torí kòkó ti fi hàn pé òun lè já tó bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Owó gbọ́mú-lé-lántà tí wọ́n ń gbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò bá ọjà tó ń pẹ́ nílẹ̀ mu rárá. Ẹni tó fi ra kòkó yóò tà á lọ́jọ́ tí kò yẹ kó tà á, gẹ́gẹ́ bí hedge fund. Ẹ má ra ju ohun tí LBA (alágbàtà tó ní ìwé àṣẹ láti ra kòkó) tàbí ilé iṣẹ́ tó ń kó kòkó lọ sókè òkun ti ṣèlérí láti gbà lọ, kí ẹ fẹnu kò sí iye lọ́jọ́ kan náà tí ẹ rà á. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ pa á mọ́ de ọ̀wọ́n, owó tiyín nìkan ni kí ẹ fi ṣe é, kí ó sì gbẹ dáadáa: kòkó tí omi inú rẹ̀ ju ìdá 8 nínú 100 lọ á bu sínú àpò, iye ayé ì báà ga.

Ṣíà, ẹ má yáwó rà á. Ẹ má sì gbára lé pé ẹ máa tètè sá jáde. Ní NGX, iye ṣíà kan kò gbọ́dọ̀ já ju ìdá 10 nínú 100 lọ lójúmọ́. Ó dà bí ààbò, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìjayà ìlà àwọn tó fẹ́ tà á gùn, olùrà kò ní sí, ẹ ó máa wo ṣíà yín lójoojúmọ́ bó ṣe ń fi ìdá 10 wálẹ̀. Owó ilé ìwé ọmọ àti owó tí ẹ máa lò láàárín ọdún méjì kò yẹ kó wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ìròyìn bá ní hedge fund kan ti dàrú, ẹ béèrè ohun mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan: ta ló yá a lówó, ọjà wo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ tà, ẹlòmíràn wo ló ní irú ọjà náà? Lóṣù Kẹta 2021, nígbà tí Archegos ti Bill Hwang dàrú, àpò owó ìdílé kan tó ń ṣe bí hedge fund, ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ó ti yáwó lọ́wọ́ báńkì púpọ̀, tí ọ̀kan ò mọ bí gbèsè rẹ̀ lọ́dọ̀ èkejì ṣe pọ̀ tó. Àwọn tó tètè tà bọ́. Credit Suisse tó pẹ́ pàdánù nǹkan bí bílíọ̀nù $5.5. Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá kan ohun tí ẹ ní, ẹ jẹ́ kí ìjì náà kọjá.

Ó ku ti àwọn tó ń fi WhatsApp pè yín pé hedge fund ti dé Òṣogbo, ẹ mú ₦50,000 wá, ìdá 30 nínú 100 lóṣooṣù. Sogún-dogójì ni. Hedge fund tòótọ́ kì í gba irú owó bẹ́ẹ̀, kì í ṣèlérí èrè, kì í sì í sanwó fún yín torí ẹ mú ẹlòmíràn wá. Púpọ̀ nínú wọn ń ti owó mọ́lẹ̀ tó ọdún kan kí olówó tó lè gbà á, á sì tún fún wọn ní ìwé ìkìlọ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gba orúkọ ilé iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe fi sílẹ̀ ní CAC, ẹ wọ ojú ewé SEC Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ọjà ṣíà, ẹ wá a lábẹ́ àwọn "fund manager" tí wọ́n fún ní ìwé àṣẹ. Ìwé CAC nìkan kò tó, orúkọ ilé iṣẹ́ ló fi hàn, kì í ṣe àṣẹ láti gba owó aráàlú. MMM náà ń sanwó fún àwọn èèyàn títí di oṣù Kejìlá 2016 tó ti ilẹ̀kùn. Bí orúkọ kò bá sí lábẹ́ fund manager, kí owó yín má kúrò lápò.